Láti Inú Irúgbìn Ni Ẹ̀bùn Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Tòmátì fún Ìpàtẹ Irè Oko

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi wá ní ìbéèrè kan láti ìgbà díẹ̀ wá, wọ́n ní kí a dáhùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa yìí: kí ló dé tí tábìlì ẹgbẹ́ wa kò gba ẹ̀bùn kankan níbi ìpàtẹ irè oko tó kọjá, nígbà tó jẹ́ pé tòmátì wa ló tóbi jù níbẹ̀? A ti ń sún ìdáhùn náà síwájú nítorí pé ojú ń tì wá. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ni a fi lọ, ẹgbẹ́ ló sì ni ọ̀rọ̀. Bí a bá ń purọ́ fún ara wa nínú ìwé tí a fi owó ara wa tẹ̀, ta la ó wá sọ òótọ́ fún?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti oṣù kẹta ni ẹgbẹ́ ti yọ owó sílẹ̀ fún irúgbìn tòmátì. Àárín oṣù kẹwàá ni ìpàtẹ bọ́ sí. A ra irúgbìn, a gbé e sórí pẹpẹ lọ́fíìsì akọ̀wé, ó ń wò wá, àwa náà ń wò ó. Ìgbà tó di oṣù kẹjọ ni ẹnìkan tó rántí. A sáré ro ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí ata wà lọ́dún tó ṣáájú, a sì da irúgbìn sí i bí ẹni ń da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ó hù bíi koríko. Inú wa dùn. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ó hù tán tí ọrùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí rà létí ilẹ̀, wọ́n ń ṣubú ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé wọn. Ìwọ̀nba tó kù la ṣí lọ sóko. Nígbà tí ìpàtẹ ku ọjọ́ méjì, òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí òmíràn ni, èyí tó sì ti so kò tíì tó ẹyin ẹyẹ.

Ni ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wa bá ní, "Àbí tòmátì kọ́ ni gbogbo ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká rà lọ́jà." Kò sí ẹni tó bá a wí. A ra ààbọ̀ apẹ̀rẹ̀, a ṣa méjìlá tó tóbi jù nínú rẹ̀, a fi òróró pa wọ́n lára títí wọ́n fi ń dán, a sì tò wọ́n sínú àwo ńlá.

Nígbà tí adájọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, àgbàlagbà kan tó ti bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́, ó mú ẹyọ kan, ó yí i padà. Ó ní adé rẹ̀ dà, ìyẹn ewé kékeré aláwọ̀ ewé tó máa ń wà níbi tí èso ti so mọ́ igi. Ó ti já dànù nínú ọkọ̀. Ó fi ìka tọ́ ipa ọ̀pá apẹ̀rẹ̀ tó ti tẹ̀ ẹ́ lára. Ó kà wọ́n, ó rí méjìlá, bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ni ìwé ìlànà béèrè. Ó wá bi wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé irú tòmátì wo nìyí, ọjọ́ wo la sì gbìn ín. Ẹnu wa wọhò. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi kí ẹni tó gbìn ín," ó sì kọjá lọ.

Lórí tábìlì kejì sí tiwa, màmá kan láti apá Ìlọfà to tòmátì mẹ́fà sínú àwo pẹlẹbẹ. Wọn kò tóbi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò wọ́n, ẹ ó rò pé ìyá kan ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà: ìwọ̀n kan náà, pípọ́n kan náà, adé tútù lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òun ló gba ipò kìíní. Nígbà tí ojú tì wá tán, a lọ bá a. A kúnlẹ̀ kí i, a ní, "Màmá, ẹ kú oríire o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí i?" Ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, oṣù kẹwàá lẹ̀ ń wá tòmátì kiri. Èmi ti rí tèmi láti oṣù kẹfà."

Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ọ̀rọ̀ màmá yìí lọ. Ọjọ́ tí a gbin irúgbìn ni ìpàtẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a ń ṣe lórí tábìlì, àṣekágbá ni.

Kí ni adájọ́ ń wá?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé títóbi ló ń gba ẹ̀bùn. Lóòótọ́, ìdíje ti títóbi wà lọ́tọ̀. Ní ọdún 1986, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gordon Graham ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, Amẹ́ríkà, ká tòmátì ẹyọ kan tó wọn kílò mẹ́ta ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí àwọn mìíràn tó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ló ń dá ẹjọ́ irú ìdíje bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú.

Ìpàtẹ irè oko kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1804, tí wọ́n ń pè ní Royal Horticultural Society. Ìwé ìlànà tiwọn ni ọ̀pọ̀ ìpàtẹ abúlé níbẹ̀ ń tẹ̀lé. Ohun tí ìwé náà ń wá lára tòmátì aláàárín ni pé kó rí róbótó, kó pọ́n dénú ṣùgbọ́n kó le lọ́wọ́, kí adé rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kó sì tutù, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Ní ti ìwọ̀n, bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ni láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kó mẹ́fà wá tí ẹ kó méje wá, adájọ́ kò ní í wò ó rárá. Lẹ́tà mẹ́ta ni yóò kọ sórí káàdì yín, N.A.S., èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ kó wá kò bá ìlànà mu, ó parí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó na kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ìlànà ìpàtẹ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ kà á, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé tún un kà fún yín.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń di apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Èyí tó rẹwà ni wọ́n ń fi sójú, èyí tó ti rà àti èyí tó kéré wà nísàlẹ̀. Àwo ìpàtẹ kò ní ìsàlẹ̀ tí a lè fi nǹkan pamọ́ sí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà lójú. Ẹni tó bá lè mú mẹ́fà tó dọ́gba jáde lóko rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń kún apẹ̀rẹ̀ tí kò ní ẹ̀tàn nínú.

Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn

Tòmátì tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti kékeré, lálẹ̀hù ni. Ìyá wa fọ tòmátì lẹ́yìn ilé ìdáná, ó da omi rẹ̀ sórí ààtàn, òjò rọ̀, tòmátì hù. A jẹ ẹ́, ó dùn. Ìyẹn ló jẹ́ ká rò pé kò sí iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ̀hù kò mọ ọjọ́ ìpàtẹ. Ìgbà tó bá wù ú ló ń pọ́n.

Láti ọjọ́ tí a gbin irúgbìn tòmátì sí ibi ìtọ́jú títí di ìgbà tí èso àkọ́kọ́ yóò pọ́n, ẹ ka nǹkan bí ọjọ́ 105: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ibi ìtọ́jú, ìyókù lóko. Bí ìpàtẹ bá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, tó jẹ́ Ọjọ́ Oúnjẹ Lágbàáyé, ọjọ́ 3 oṣù keje ni ẹ ó gbin irúgbìn. Nítorí pé òjò àti oòrùn kì í gbọ́ ti ènìyàn, ẹ má ṣe gbìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbin díẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, díẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù keje, díẹ̀ sí i ní ọjọ́ 13. Bí ọ̀kan bá yá jù tàbí tó bá pẹ́ jù, òmíràn á bọ́ sí i. Bí ìpàtẹ tiyín bá jẹ́ ìparí ọdún, ìṣirò kan náà ni.

Irúgbìn wo?

Àpò irúgbìn tó ní orúkọ àti ọjọ́ lára ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ ẹni tó ṣeé bá wí. Ní ìlú Ìbàdàn, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, NIHORT ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ wọn ni ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́, tòmátì sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń gbìn. Roma VF tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó gùn bí ẹyin, lẹ́tà méjì tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ní ìtumọ̀: ó lè kojú oríṣi àrùn méjì tí ń gbé inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ kí ewé rọ. Tòmátì ìbílẹ̀ wa, èyí tó ní ègé-ègé lára tó sì kan lẹ́nu, ó dára fún ọbẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí mẹ́fà tó dọ́gba nínú rẹ̀. Bí ìpàtẹ bá pín tòmátì sí róbótó àti gígùn, ẹ má gbé Roma sí àárín àwọn róbótó.

Bí ẹ bá fẹ́ fi irúgbìn tara yín pamọ́, èyí ló wúlò jù fún ẹgbẹ́ bíi tiwa. Tòmátì sábà máa ń fún ara rẹ̀ lóyún ni, òdòdó kan náà ló ní akọ ló ní abo. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń jọ ìyá. Àyàfi èyí tí wọ́n kọ F1 sí lára àpò rẹ̀: ọmọ tirẹ̀ á ya oríṣiríṣi, ẹ má fi pamọ́. Ẹ yan igi tó dára jù lóko, kì í ṣe èso tó dára jù lọ́jà, kí ẹ so òwú pupa mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà ká a sọ́bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èso náà pọ́n títí tí yóò fi rọ̀. Ẹ là á, ẹ fún irúgbìn àti omi rẹ̀ sínú ife, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí tí yóò fi máa hó díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ohun yíyọ̀ tó bo irúgbìn á jáde. Ẹ da omi sí i: èyí tó léfòó, ẹ dà á nù, èyí tó rì ni irúgbìn gidi. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sórí àwo níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe sórí bébà nítorí á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá gbẹ tán, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ dé e pa, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i. Á tó ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Ibi ìtọ́jú

Ibí ni àwa ti kọ́kọ́ kùnà. Tòmátì, ata, ìgbá, tábà, ẹbí kan náà ni wọ́n, àrùn kan náà ló sì ń bá wọn jà. Ẹ má ṣe fi ọmọ tòmátì sí ibi tí ata wà lọ́dún tó kọjá. Ibi tí àgbàdo tàbí ẹ̀wà ti kúrò ni kí ẹ wá.

Ẹ ṣe ebè tó fẹ̀ tó mítà kan, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kó sì ga ju ilẹ̀ lọ ní bí ìwọ̀n ọwọ́ kan kí omi òjò má baà dúró lórí rẹ̀. Ẹ kó ìdọ̀tí gbígbẹ sórí ebè náà, ẹ dáná sun ún. Iná yìí á pa irúgbìn koríko àti ọ̀pọ̀ àrùn tó wà lójú ilẹ̀. Bó bá tutù tán, ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó ọmọ tòmátì pa.

Ẹ fi igi fa ìlà tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ìlà sí ìlà jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ máa ju irúgbìn sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irúgbìn tòmátì kéré o: gíráàmù kan ṣoṣo ní tó 300 nínú. Bí ẹ bá fẹ́ ogún igi lóko, 60 irúgbìn tó yín. Ẹ rọra fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ fi koríko gbígbẹ lé e, ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí.

Láàrin ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, á hù. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ó ti ń hù ni kí ẹ kó koríko orí rẹ̀ kúrò, ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ lábẹ́ koríko, á ga tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní í lè dúró. Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa bu omi sí i, kì í ṣe alẹ́, kí ojú ilẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fífún mọ́ra pọ̀ àti ilẹ̀ tó ń tutù ní gbogbo ìgbà ló fa ọrùn rírà tó kó tiwa lọ. Ẹ já àwọn tó fún mọ́ra dànù, kí ọmọ kan sí èkejì tó ìka mẹ́ta. Ó máa ń dunni láti já ohun tó hù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè já kò lè gba ẹ̀bùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ máa dín omi àti ibòji kù díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ náà lè mọ ìyà tó ń bọ̀ lóko. Ọmọ tí a kẹ́ jù kì í lè gbé oko.

Lóko

Ó yẹ kó ní ewé gidi mẹ́rin sí mẹ́fà, kí igi rẹ̀ sì nípọn tó pẹ́ńsù, kí ẹ tó ṣí i. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣí i, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ gbìn ín jìn títí dé ìsàlẹ̀ ewé àkọ́kọ́, nítorí pé igi tòmátì tí a bò mọ́lẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín igi kan àti èkejì.

Ọjọ́ tí ẹ bá gbìn ín náà ni kí ẹ ti ri ọ̀pá sí i. Bó bá pẹ́ kí ẹ tó ri í, ẹ ó gún gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀pá tí a fi ń ta iṣu ti tó. Ẹ fi òwú rírọ̀ tàbí àkísà so ó, kó má fún un lọ́rùn. Ọmọ ẹ̀ka tó ń yọ láàrin igi àti ewé, ẹ máa fi ìka yọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré, bó bá jẹ́ irú tòmátì tó ń ga lọ sókè ni. Roma kì í ga bẹ́ẹ̀, ẹ má gé e púpọ̀. Ẹ má sì ká ewé rẹ̀ tán, nítorí oòrùn á jó èso lára, á di funfun.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ nípọn. Èyí ló ń jẹ́ kí omi wà déédéé nínú ilẹ̀, omi déédéé sì ni gbogbo àṣírí èso tó mọ́ lára. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tó tutù, tó tún gbẹ, ìdí èso á dúdú, á sì jìn. Ọ̀pọ̀ ń pe ìyẹn ní kòkòrò, wọ́n á lọ ra oògùn. Kì í ṣe kòkòrò. Omi ni kò dọ́gba, ohun tí èso nílò láti inú ilẹ̀ kò sì lè dé ìdí rẹ̀. Bí òjò ńlá bá sì rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, èso á là.

Àrùn kan wà tí kò ní oògùn: igi tó tutù yọ̀yọ̀ lánàá á rọ wọ̀ọ̀ lónìí, ewé rẹ̀ kò sì tíì pọ́n. Ẹ gé igi náà nítòsí ìdí, ẹ gbé e dúró sínú ife omi tó mọ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun bíi wàrà tó ń ṣàn jáde láti ojú ọgbẹ́ rẹ̀, àrùn náà nìyẹn. Ẹ hú u, ẹ gbé e jìnnà sí oko, ẹ má gbin tòmátì tàbí ata síbẹ̀ mọ́ fún bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má fi ọkọ́ tí ẹ fi hú u ro ibòmíràn láìfọ̀ ọ́.

Ẹ má da ajílẹ̀ sí i jù. Igi tó ń jẹ ajílẹ̀ ní àjẹjù á sanra, á ní ewé, kò ní í so. Eérú igi díẹ̀ nígbà tó bá ń tanná dára fún pípọ́n rẹ̀.

Kíká àti gbígbé

Ẹ gé páálí kan, ẹ dá ihò róbótó sí i ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Páálí yìí ni ẹ ó mú lọ sóko. Èyí tó bá kọjá nínú ihò náà láìfẹ̀, láìhá, òun ni ẹ ń wá. Ọjọ́ tó ṣáájú ìpàtẹ, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e pẹ̀lú adé rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ já a. Ẹ gé méjìlá bí mẹ́fà ni wọ́n béèrè, nítorí ọ̀nà. Ẹ wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tò ó sínú páálí ní ìpele kan ṣoṣo lórí koríko rírọ̀. Ẹ má fi òróró pa á, adájọ́ mọ̀ ọ́n. Aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ti tó láti nu eruku.

Èrè wo ló wà níbẹ̀?

Ẹnìkan lè ní, "Ẹ̀bùn ìpàtẹ kò tó owó ọkọ̀. Kí la fẹ́ fi gbogbo làálàá yìí ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2016. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run lókè ọya, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Ẹ̀bólà tòmátì. Owó apẹ̀rẹ̀ kan gòkè débi pé ọ̀pọ̀ ilé fi ata nìkan se ọbẹ̀. Lọ́jọ́ náà la mọ̀ pé oko ẹlòmíràn ló ń bọ́ ìkòkò wa. Ilẹ̀ wa níbí kò kọ tòmátì. Ìmọ̀ àti ìṣirò ọjọ́ ni kò tó.

Ẹni tó bá lè ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìpàtẹ, ó lè kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ ọdún, láti ọjọ́ ìgbéyàwó, láti ìgbà tí tòmátì máa ń wọ́n lọ́jà. Ẹni tó bá ní irúgbìn tó ń so bákan náà, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á rí bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Bí oníbàárà bá sì da irú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò rí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, lọ́jọ́ kejì á béèrè orúkọ ẹni tó tà á. Orúkọ yìí lọjà gidi. A ti ta tiwa lẹ́ẹ̀kan fún ààbọ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátì, a kò tún ní í tà á mọ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ wá pinnu nìyí. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ á ṣe ebè ìtọ́jú kan ṣoṣo, lórí ilẹ̀ tí àgbàdo ti kúrò. Irúgbìn tí Màmá láti Ìlọfà fi ta wá lọ́rẹ, ìgò kékeré kan, ni a ó gbìn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ á gba ogún ọmọ tòmátì lọ sóko rẹ̀, á sì kọ ọjọ́ tó ṣí i sínú ìwé. Nígbà ìkórè, ẹnìkọ̀ọ̀kan á dá irúgbìn igi kan padà fún ẹgbẹ́. Ẹni tí tòmátì tirẹ̀ bá dọ́gba jù ni yóò gbé àwo ẹgbẹ́ lọ sí ìpàtẹ. Bí kò bá sí ẹni tó ní mẹ́fà tó dọ́gba, àwo wa á wà nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ wá rí akọ̀wé ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ẹ sì mú páálí kan lọ́wọ́ wá, a ó jọ dá ihò sí i.